Ìpàdé rélùwéè inú ọgbà wa ní Òṣogbo: kíláàsì wo ló yẹ kó kù, èwo ni ká yọ?

Ará Òkè-Fìà | Ọjọ́rú, 9:14 alẹ́

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin ará ilé. Mo ti ṣèlérí pé mo máa kọ bí ìpàdé wa ti òpin ọ̀sẹ̀ ṣe lọ, àmọ́ oorun ni ara kọ́kọ́ béèrè. Fún ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọjú síbí: àwa la máa ń to ojú irin kékeré sí ẹ̀yìnkùlé àti inú ọgbà. Àlàfo àárín irin méjèèjì jẹ́ mílímítà 45, a sì ń wa ẹ́ńjìnnì lórí rẹ̀ nínú oòrùn àti òjò. A ò pọ̀. Ìdí nìyẹn tí ènìyàn mọ́kànlélógójì fi jẹ́ ogunlọ́gọ̀ lójú mi.

Àgbàlá ẹbí kan tí kò jìnnà sí Station Road la lò. Mo mọ̀ọ́mọ̀ wá ibẹ̀ ni. Láti 1907 tí ojú irin tó ti Èkó wá ti dé Òṣogbo ni àdúgbò yẹn ti ń gbọ́ fèrè rélùwéè, bó tilẹ̀ jẹ́ pé fèrè ọ̀hún kì í fi bẹ́ẹ̀ dún mọ́.

Kíláàsì mẹ́fà la ṣe ní ọjọ́ méjì. Ìgbìmọ̀ ti ń sọ pé ká sọ ọ́ di mẹ́wàá lọ́dún tó ń bọ̀. Lójú tèmi, mẹ́ta tó. Ẹ má tíì bú mi, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo rí.

Ti àárọ̀ Sátidé, ti bí a ṣe ń ya àwòrán ọgbà kí a tó tò ó, orí pròjẹ́tọ̀ la ti ṣe é. Jẹnẹrétọ̀ kú lẹ́ẹ̀mejì. Nígbà tí iná fi máa padà dé, ìdajì kíláàsì ti wà lọ́dọ̀ ìyá oní-mọ́ínmọ́ín. N ò dá wọn lẹ́bi, èmi náà wà níbẹ̀.

Lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán ni bàbá kan, gángà rélùwéè (olórí àwọn tó ń tún ojú irin ṣe) tó ti fẹ̀yìntì, gba tirẹ̀. A ti fi yanrìn to ojú irin bíi mítà mẹ́fà sílẹ̀ dè wọ́n. Ó gún, ó dán, ó wuyì nínú fọ́tò. Bàbá wò ó títí, wọn ò sọ nǹkan kan. Wọ́n ní ká bá àwọn pọn omi garawa méjì wá. Wọ́n da méjèèjì lé e lórí. Ká tó ṣẹ́jú, yanrìn ti ṣàn lọ sábẹ́ ògiri, sílípà, igi ìdábùú abẹ́ irin, ń fì nínú afẹ́fẹ́ bí ẹsẹ̀ ọmọdé lórí àga àgbà. Bàbá ní, "Òjò Òṣogbo nìyẹn o, díẹ̀ nínú ẹ̀ ni." Ìgbà yẹn ni wọ́n wá ní ká gbé dígà.

Wákàtí méjì gbáko la fi gbẹ́lẹ̀. Kòtò náà jìn tó sẹ̀ǹtímítà 15. Òkúta fífọ́ wà nísàlẹ̀, stone dust tí àwọn bíríkìlà ń lò wà lókè. A ń wọ́n omi sí i, a ń fi igi gún un mọ́lẹ̀ ní ìpele ìpele, a sì la ojú àgbàrá sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Mo béèrè bóyá òkúta róbótó etí odò ò ní rẹwà jù. Bàbá ní òkúta tó dán máa ń yí lórí ara wọn bí ẹ̀pà nínú àwo, èyí tó ní igun ló ń di ara wọn mú. Ìdí tí wọ́n fi ń fọ́ òkúta abẹ́ ojú irin ńlá nìyẹn. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínláàádọ́ta ni mí, mo ti rí òkúta yẹn láti kékeré, n ò béèrè rí ìdí tó fi ń gún ni lẹ́sẹ̀.

Ti gígun òkè ńkọ́? Bàbá gbé pákó gígùn mítà kan lélẹ̀, wọ́n gbé lẹ́fẹ̀lì lé e, wọ́n sì gbé ẹ̀gbẹ́ kan pákó náà sókè títí afẹ́fẹ́ róbótó inú omi lẹ́fẹ̀lì fi bọ́ sí àárín. Wọ́n ní ká wọn àlàfo abẹ́ rẹ̀: sẹ̀ǹtímítà méjì. Ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún nìyẹn, wọ́n sì ní ká má kọjá mẹ́ta, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ẹ́ńjìnnì máa gbé ẹrù dé ìdajì ọ̀nà, á sì máa yí ẹsẹ̀ lójú kan. Wọ́n tún ní ká fi àlàfo mílímítà kan sílẹ̀ níbi tí irin bá ti pàdé irin, torí oòrùn.

Ẹ dá sí i o. Èwo lẹ gbádùn, èwo ló fi àkókò yín ṣòfò?

Ọmọ Ìyá Ẹlẹ́kọ | 9:31 alẹ́

Mọ́ínmọ́ín yẹn ni kíláàsì tó dára jù. Ẹ má yọ ọ́ o.

Ọmọ Ọ̀fà | 9:58 alẹ́

Ẹ kú iṣẹ́ ńlá, ẹ̀gbọ́n. N ò lè wá, ọmọ mi ṣàìsàn, ara rẹ̀ ti yá báyìí. Nǹkan kan ń rú mi lójú. Mo gbọ́ pé nínú kíláàsì ìwọ̀n, wọ́n ní kí gbogbo ènìyàn máa kọ́ kọ́ọ̀ṣì ní 1:24, ìyẹn ìdá kan nínú mẹ́rìnlélógún ti ńlá. Ẹ́ńjìnnì LGB, àmì ọjà Jámánì kan, ni èmi ní, 1:22.5 ni wọ́n kọ sára páálí rẹ̀. Ṣé mo ti fowó ṣòfò ni? Orí irin kan náà ṣáà ni gbogbo wọn ń rìn.

Olùkọ́ Ìṣirò, Ìkìrun | 10:40 alẹ́

Ọmọ Ọ̀fà, fọkàn balẹ̀, owó rẹ ò ṣòfò. Èmi ni mo ṣe kíláàsì yẹn, jẹ́ kí n tún un ṣe fún ẹ níhìn-ín.

Irin kékeré wa kò yí padà, mílímítà 45 ni. Irin ńlá tí ó ń ṣe àfarawé rẹ̀ ló yàtọ̀. Mú ìbú irin ńlá, fi 45 pín in. Ojú irin àtijọ́ tó gba ìlú rẹ àti ìlú mi kọjá jẹ́ mílímítà 1067. Pín in, o rí 23.7. Ìdí tí 1:24 fi bá Nàìjíríà mu nìyẹn, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣe rẹ́gí. Àwọn ará Jámánì tó gbé LGB jáde ní 1968 ń wo ojú irin tiwọn tó fẹ̀ ní mítà kan gééré: 1000 pín sí 45 jẹ́ 22.2, wọ́n bá lo 22.5. Àwọn Amẹ́ríkà tó fẹ́ràn irin ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta, èyí tó jẹ́ 914, 20.3 ló bọ́ sí tiwọn. Ọ̀nà tuntun Èkó sí Ìbàdàn tí wọ́n ṣí ní 2021 wá jẹ́ 1435. Pín in fúnra rẹ, 1:32 ló máa gbé ẹ dé. Irin kan náà ní ilẹ̀, ayé mẹ́rin lórí rẹ̀.

Ẹ́ńjìnnì 22.5 rẹ máa tóbi díẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ́ọ̀ṣì 24. Ẹni tó bá mú rúlà dání nìkan ló máa mọ̀. Ohun tó yẹ kó kọ ẹ́ lóminú ni kọ́nà. Kọ́ọ̀ṣì tó bá gùn ní mítà 18 máa di sẹ̀ǹtímítà 75 ní 1:24. Bí ó bá jẹ́ kọ́nà tó há jù ti LGB lo tò, èyí tó jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 60 láti àárín òbírí rẹ̀ dé ojú irin, àárín kọ́ọ̀ṣì máa wọnú ọgbà lọ, yóò sì fọ́ ìkòkò òdòdó ìyàwó rẹ.

Nínú kíláàsì, ẹfun àti okùn la lò. A ya ìdí kọ́ọ̀ṣì ńlá sára ògiri bó ṣe tóbi gan-an, olúkúlùkù wá gé páálí tirẹ̀ sí ìdá kan nínú mẹ́rìnlélógún. Pròjẹ́tọ̀ kankan ò sí ńbẹ̀. Ẹni kan ò sùn.

Ìyá Ọlọ́gbà | Ọjọ́bọ̀, 6:12 àárọ̀

Ẹ kú àárọ̀ o. Mo fẹ́ fẹjọ́ sùn.

Ẹ fi kíláàsì ewéko tèmi sí wákàtí kan náà pẹ̀lú ti bátìrì. Ènìyàn méje ló wá bá mi, obìnrin mẹ́fà àti ọkọ ọ̀kan nínú wọn tó ń bá a gbé báàgì. Ẹ̀yin ọkùnrin rò pé ewéko jẹ́ ọ̀rọ̀ ìyàwó. Ẹ wá lọ wo ọgbà tí ẹ ò gbin nǹkan sí: irin lórí ilẹ̀ gbígbẹ, bí ojúde mẹkáníìkì.

Ohun tí mo kọ́ àwọn méje náà rèé. Ewé kékeré ni kí ẹ wá, ẹ má wá igi kékeré. Bí ewé bá tóbi, ojú ò ní gbà pé igi ni. Rinrin tí ẹ ń fà tu lẹ́bàá ògiri balùwẹ̀, ẹ wò ó dáadáa: igi rẹ̀ mọ́ gaara, ewé rẹ̀ wẹ́wẹ́. Èyí tó bá ga ní sẹ̀ǹtímítà 20, lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ́ọ̀ṣì 1:24, ó kù díẹ̀ kó jẹ́ igi mítà márùn-ún. Ibòji àti ọ̀rinrin ló fẹ́, nítorí náà ìdí ògiri ni kí ẹ fi sí. Pápásan ni ti inú oòrùn. Ó máa ń rá lórí ilẹ̀ bíi koríko pápá, ó sì ń di ilẹ̀ mú kí àgbàrá má gbé e lọ, èyí tó tún ran iṣẹ́ bàbá gángà lọ́wọ́. Ẹfinrin ni mo fi ṣe igbó, mo ń rẹ́ orí rẹ̀ lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, ìyẹn náà lobẹ̀ ń jẹ.

Ẹ má to ojú irin sábẹ́ igi máńgòrò, mo bẹ̀ yín. Ibòji rẹ̀ dùn lóòótọ́. Gbòǹgbò rẹ̀ máa gbé sílípà sókè, ewé rẹ̀ ò ní jẹ́ kí ẹ sinmi ìgbálẹ̀, èso rẹ̀ kan ṣoṣo tó bá já láti òkè tó láti sọ stéṣàn yín di àlàpà.

Ẹ fún mi ní wákàtí tèmi lọ́tọ̀.

Bátìrì Ò Kú | 7:45 àárọ̀

Ìyá wa, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí kíláàsì mi. Èmi kọ́ ni mo ṣètò àkókò. Mo gbà pé kí wọ́n yà wọ́n sọ́tọ̀.

Kókó tèmi ni pé ká jáwọ́ nínú fífi iná sínú irin. Ní ìlú òyìnbó wọ́n máa ń gbé iná tó tó fóòtì (volt) 18 sí 24 gba inú irin idẹ wọlé sínú ẹ́ńjìnnì. Ó dára bí irin bá mọ́. Níbí, òjò á mú kí idẹ dúdú, ọyẹ́ á kó eruku lé e, ẹ ó sì lo gbogbo ọ̀sán lórí ìkúnlẹ̀ ẹ ń fi ṣáǹpépà nu irin. Ẹ gbé bátìrì sínú kọ́ọ̀ṣì, ẹ fi rìmóòtù wà á. Irin lè dọ̀tí bó ṣe wù ú. Kódà kò pọn dandan kó jẹ́ idẹ mọ́: irin pẹlẹbẹ láti ọ̀dọ̀ wẹ́dà, tí a fi sínú sílípà onígi tí a là lẹ́nu, tó.

Sẹ́ẹ̀lì mẹ́rin la so ní tẹ̀léra nínú kíláàsì, ọ̀kọ̀ọ̀kan fóòtì 3.7, àpapọ̀ 14.8. Bó bá kún, 16.8. Inú bátìrì láptọ́ọ̀pù tó ti kú la ti yọ wọ́n. Kí n má purọ́, nǹkan bí ìdajì wọn la dà nù: èyí tó bá ti lọ sílẹ̀ ju fóòtì 2.5 lọ, ẹ má gbìyànjú láti jí i. Ẹ má sì ta pátákó ìdáàbòbò nù nítorí owó díẹ̀. Òun ló ń dá ṣájà dúró bí sẹ́ẹ̀lì kan bá kún ṣáájú àwọn tó kù. Bátìrì lítíọ́mù tó bá gbóná jù kì í kú wọ́ọ́rọ́wọ́, ṣe ló ń jó. Ẹ má fi sórí ṣájà kí ẹ wá lọ sùn.

Ará Ìbàdàn | 8:20 àárọ̀

Wẹ́dà ló ṣe irin pẹlẹbẹ tèmi náà, ọdún méjì rèé. Ẹ má fi pákó lásán ṣe sílípà o! Ikán jẹ tèmi tán láàárín òjò kan. Ọ̀pẹ̀pẹ̀ ni kí ẹ béèrè ní sọ́ọ̀mìlì, àjákù rẹ̀ kì í wọ́n. Igi tí rélùwéè fúnra rẹ̀ ń lò fún sílípà ni.

Èéfín Funfun | 10:05 àárọ̀

Ó dà bíi pé gbogbo yín ń yí ọ̀rọ̀ stíìmù ká, ẹ jẹ́ kí èmi tí ọ̀rọ̀ kàn sọ ọ́.

Bẹ́ẹ̀ ni, ìpéǹpéjú mi ló jó. Ọjọ́ Àìkú, kíláàsì ẹ́ńjìnnì olómi gbígbóná. Mò ń fi gáàsì bútéènì kún táǹkì tèmi, ẹnì kan sì ti tan iná sí tirẹ̀ ní nǹkan bíi mítà méjì sí mi. Gáàsì tó ń jò lẹ́nu táǹkì nígbà tí ènìyàn bá ń rọ ọ́ wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, ilẹ̀ ló ń fà gbà. Ó rìn dé ọ̀dọ̀ iná, iná sì bá ọ̀nà kan náà padà wá kí mi. Fùú! Ó ti parí kí n tó pariwo. Wọ́n da yanrìn lé e. Ojú mi ò ní nǹkan kan, ọpẹ́ ni f'Ólúwa, ìyàwó mi nìkan ló ń rẹ́rìn-ín títí di òní.

N ò dárúkọ ẹnikẹ́ni. Àṣìṣe èmi náà ni, ó yẹ kí n wò yíká. Ohun tí mò ń sọ ni pé ẹ má torí rẹ̀ fagi lé kíláàsì náà. Ẹ ya ibi ìrọgáàsì sọ́tọ̀, kó jìnnà, kí ẹnì kan ṣoṣo máa wọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan.

Ohun mìíràn tún ṣẹlẹ̀ tó yẹ kó bà yín lẹ́rù ju ìpéǹpéjú mi lọ. Ẹnì kan gbé bọ́ílà bàbà kan wá tí wọ́n fi lẹ́ẹ̀dì, irú èyí tí àwọn onírédíò ń lò, dí ojú rẹ̀. Olùkọ́ kíláàsì wa kọ̀ ọ́ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, mo sì kí i fún un. Lẹ́ẹ̀dì yẹn máa ń yọ́ ní nǹkan bí 190 lórí ìwọ̀n Sẹ́lsíọ́sì. Bí omi bá gbẹ nínú bọ́ílà báyìí, ìsopọ̀ á tú pẹ̀lú agbára nínú. Fàdákà la fi ń jó ojú bọ́ílà, ìyẹn kì í yọ́ títí yóò fi kọjá 600. Kí a tó tan iná sí bọ́ílà tuntun, omi tútù la máa ń fún sínú rẹ̀ dé ìlọ́po méjì agbára tó máa fi ṣiṣẹ́. Bó bá jẹ́ omi ló ya á, ilẹ̀ nìkan ló máa tutù.

Ìyá Ọlọ́gbà | 10:19 àárọ̀

Kí Ọlọ́run má jẹ́ ká rí ogun òjijì. Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ṣé àwọn ọmọ wà nítòsí?

Èéfín Funfun | 10:24 àárọ̀

Ẹ ṣé, ìyá wa. Rárá, wọ́n wà lọ́dọ̀ yín níbi ewéko. Àwọn ọmọ ò sí nínú méje tí ẹ kà?

Ìyá Ọlọ́gbà | 10:27 àárọ̀

N ò ka àwọn ọmọ. Mọ́kànlá ni wọ́n. Àwọn ló gbin rinrin yẹn.

Ará Ohio | 3:50 ọ̀sán

Ẹ kú ilé o. Mo ti ń ka gbogbo ẹ̀ látàárọ̀, mo wà níbi iṣẹ́, ẹ má sọ fún ọ̀gá mi.

Mo ti lọ sí ìpàdé ńlá irú èyí lẹ́ẹ̀mejì ní Amẹ́ríkà. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é ni pé kíláàsì wà, gbọ̀ngàn àwọn tó ń tajà wà, oúnjẹ alẹ́ àjùmọ̀jẹ wà, bọ́ọ̀sì sì máa ń kó ènìyàn lọ wo ọgbà àwọn ará ìlú náà láti ilé dé ilé. Kí n sọ òótọ́: èyí tí mo jókòó gbọ́ ní gbọ̀ngàn, mo ti gbàgbé. Ọgbà tí mo rí, mo ṣì lè yà á fún yín. Bàbá àgbàlagbà kan ṣí ìdérí afárá rẹ̀ fún wa, ó fi ibi tí dídì àti yíyọ́ yìnyín ti là á hàn wá, ó ní àṣìṣe òun rèé.

Nítorí náà, ará Òkè-Fìà, mẹ́ta tí ẹ wí yẹn, mo fara mọ́ ọn. Àmọ́ ẹ fi ọgbà wíwò kún un. Ọgbà mélòó ló wà ní Òṣogbo àti agbègbè rẹ̀?

Ará Òkè-Fìà | 4:33 ọ̀sán

Mẹ́rin, bí a bá ka tèmi. Tèmi ò tíì ṣeé fi han àlejò.

Olùkọ́ Ìṣirò, Ìkìrun | 4:41 ọ̀sán

Èyí tí kò ṣeé fi han àlejò gan-an ni ká kọ́kọ́ lọ wò.

Ọmọ Gángà | 8:02 alẹ́

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi. Èmi ni ọmọ bàbá tí wọ́n da omi. Mo ka gbogbo ohun tí ẹ kọ fún wọn lẹ́yìn oúnjẹ, wọ́n rẹ́rìn-ín títí. Wọ́n ní kí n bá àwọn dáhùn, torí ojú wọn ò ríran kékeré mọ́.

Bàbá ní ará Òkè-Fìà gbọ́ ìdajì. Àwọn ò sọ pé mílímítà kan ní gbogbo ìgbà. Wọ́n ní, "Aago mélòó lẹ̀ ń to irin?" ni ìbéèrè. Ẹni tó bá to irin ní òwúrọ̀ kùtù, nígbà tí irin ṣì tutù, kó fi àlàfo sílẹ̀ dáadáa, torí irin ṣì máa gùn. Ẹni tó bá tò ó ní aago méjì ọ̀sán, tí irin ti gbóná débi tí ọwọ́ ò ṣeé gbé lé e, kó fẹ́rẹ̀ẹ́ pa wọ́n pọ̀, torí irin ti gùn tán, ṣe ló máa sún kì lálẹ́. Aago méjì ọ̀sán ni wọ́n tò ó lọ́jọ́ Sátidé, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ní mílímítà kan ti pọ̀ jù fún irin kúkúrú bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní ẹ tú u, kí ẹ tún un ṣe.

Olùkọ́ Ìṣirò, Ìkìrun | 8:30 alẹ́

Bàbá, mo dọ̀bálẹ̀. Mo ṣírò rẹ̀ báyìí: irin idẹ tó gùn ní mítà mẹ́wàá, bó bá gbóná sí i ní ìwọ̀n 30, máa gùn sí i ní nǹkan bíi mílímítà mẹ́fà. Ẹni tó bá so gbogbo rẹ̀ pọ̀ gbágbá ní aago méje àárọ̀, ojú irin rẹ̀ máa wọ́ bí ejò kó tó di ọ̀sán.

Ọmọ Gángà | 8:44 alẹ́

Wọ́n ní, "Ẹ sọ fún olùkọ́ pé àwa ò ṣírò, ṣùgbọ́n a rí ejò náà."

Wọ́n tún ní èwo ni ti ìpàdé nígbà ẹ̀rùn? Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ bóyá òun mọ ojú irin tò, kó wá ní oṣù Keje.

Ará Òkè-Fìà | 9:10 alẹ́

Ó dáa. Mítà mẹ́fà yẹn ṣì wà nílẹ̀ ní àgbàlá, ẹbí náà ti gbà kó wà bẹ́ẹ̀. Mo máa tú àwọn ìsopọ̀ rẹ̀ lọ́la, aago mẹ́fà ààbọ̀ àárọ̀, mo sì máa kọ iye àlàfo tí mo fi sílẹ̀ sára ògiri pẹ̀lú ẹfun. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án títí di oṣù Keje. Àwọn ọmọ mọ́kànlá yẹn ló máa bá wa bomi rin rinrin ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ títí òjò á fi dé. Kíláàsì tó kù, a ó sọ̀rọ̀ rẹ̀ níbẹ̀, lórí ìdúró. Ẹ mú bàtà òjò dání.

Ọmọ Ìyá Ẹlẹ́kọ | 9:13 alẹ́

Mọ́ínmọ́ín ńkọ́?

Ará Òkè-Fìà | 9:15 alẹ́

Mo ti pè wọ́n.